Ẹran Tó Bù Jẹ Tó Dá Padà

SS2 ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ká kọ́ ọmọ níwà, tíṣà kankan ò tó mi. Ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìyẹn nígbà tó ní ọmọbìnrin òun, ọmọ ọdún márùn-ún, ò lè jókòó jẹun láàárín èrò. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo fi kọ́ ọmọ yẹn: fọwọ́ ẹ, má pariwo nídìí oúnjẹ, ẹran ni kó o jẹ gbẹ̀yìn, ẹni tó bá bá ẹ lẹ́nu oúnjẹ, sọ fún un pé kó wá jẹun. Ta ni ò mọ̀ pé onítọ̀hún á kàn ní "á gba ibi ire" ni, á sì bá tiẹ̀ lọ?

Lọ́sàn-án Sátidé, mo mú un láti Ìkòsì lọ sí ilé oúnjẹ kan ní Kétu. Kó o rí ọmọ wa! Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá: "Ẹ wá jẹun o, Dádì. Ẹ wá jẹun, Àńtí." Wọ́n ń yìn ín, orí mi ń wú. Ẹran ńlá kan wà létí àwo ẹ, kò fọwọ́ kàn án.

Tábìlì kejì ni ìríra wà. Ìyá kan, aṣọ ẹ jọ ti àwọn ará ẹsítéètì, ó ń tẹ fóònù. Ọmọkùnrin ẹ gbé bàtà lé orí tábìlì. Ó jẹ eegun tán, ó tu ú sínú omi ìṣanwọ́ táwọn ẹlòmíì fẹ́ lò. Ikun imú ńkọ́? Aṣọ tábìlì ló fi nù ún. Ó rí mi lára débi pé mo ti àwo mi sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọmọ yín."

Kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ọmọdé ni, jọ̀ọ́. Á dàgbà."

Níbi tá a ti ń sọ ọ́, ọmọ yẹn ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ wa ṣe bí mo ṣe kọ́ ọ: "Wá jẹun."

Háà! Ọwọ́ ikun imú yẹn ló fi gbé ẹran. Ó bù ú jẹ, ó fajú ro, ó ní, "Ata ti pọ̀ jù," ló bá dá èyí tó kù padà sínú àwo, tòun titọ́ tó ń fà.

Mo fò dìde. Mo bú ìyá, mo bú ọmọ, mo lu tábìlì, omi dà nù. Gbogbo èèyàn yíjú sí wa.

Ìyá yẹn ní, "Ṣebí ọmọ ẹ ló pè é? Ẹ̀tàn ló fi pè é ni?"

Ọmọ wa fa ṣẹ́ẹ̀tì mi, omijé kún ojú ẹ, kò jẹ́ kó bọ́. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ní ká má pariwo nídìí oúnjẹ."

Mo ní kí wọ́n gbé ẹran mìíì wá. Kò jẹ ẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹran ló kọ́kọ́ máa ń jẹ, á sì fi apá yí àwo ẹ ká. Ìyá ẹ á ní, "Tíṣà, wá wo ọmọ tó o kọ́." Lánàá, mo kọjá níwájú ẹ bó ṣe ń jẹun. Mo rọra ń rìn, mo tiẹ̀ dúró díẹ̀.

Ó fọwọ́ bo àwo. Kò pè mí.