Abọ́ Auntie Ṣáínà

Lánàá, ní ọjà Beresford Square nílùú Òyìnbó níbí, obìnrin kan ṣí ìgò ọ̀mùnú oparun tí a rẹ títí ó fi kan. Òórùn rẹ̀ gbá mi nímú, ó sì dá mi padà sí ọ̀sán ọjọ́ kan ní Thamesmead, àdúgbò tí mo gbé nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Aládùúgbò wa, ará Vietnam tí Mummy ń pè ní Auntie Ṣáínà, gbé abọ́ ọbẹ̀ oparun náà fún wa. Mummy di imú. "Kí lèyí? Bí ìbọ̀sẹ̀ tí kò rí omi lóṣù kan!" Ó dà á sí bíìnì. Ṣùgbọ́n a kì í dá abọ́ padà lófìfo, nítorí náà ó bu ìrẹsì sí i, a sì lọ kan ilẹ̀kùn.

"Auntie Ṣáínà, ẹ ṣé o! A jẹ ẹ́ tán, ó dùn gan-an."

"Mummy, ẹ dà á nù," ni mo wí. "Ẹ ní ó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀."

Mummy já mi léèékánná. Obìnrin náà mú àpòòwé kan, ó ya àwòrán ilẹ̀ gígùn kan tó tín-ín-rín níbàdí sí i, ó sì fi ìka gun òkè dé àwọn òkè ńlá àríwá, lẹ́bàá ààlà Ṣáínà.

"Ibí ni ìpínlẹ̀ wa. Kì í ṣe Ṣáínà. Ẹ̀yà mẹ́rìnléláàádọ́ta ló wà ní Vietnam. Tày ni èmi. Àwọn ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún náà máa ń di imú sí ọbẹ̀ wa."

Ó gba ìrẹsì náà tọwọ́tẹsẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ pé irú tí Mummy fi náílọ́ọ̀nù mẹ́ta wé nínú fíríìjì ń rùn dé ilé aládùúgbò wa yẹn lójoojúmọ́, kò sì sọ ọ́ rí.

Síbẹ̀, lánàá, ọwọ́ mi ti bo imú mi kí n tó rántí. Ara mi ni mo kórìíra títí mo fi délé.