Ìyá Tépù àti Ọgbà Tó Dákẹ́ Jù

Wọ́n ní obìnrin kan sin ọkọ rẹ̀ láàyè sínú ọgbà tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n ní tépù ló fi wọ̀n ọ́n látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀ kó tó gbẹ́ ihò náà, kó má baà fi ilẹ̀ ṣòfò. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ tún fi kún un pé lójoojúmọ́ ló ń lọ dúró síbẹ̀, tó ń tẹ́tí sílẹ̀ bóyá ọkùnrin náà ṣì ń mí.

Ìyá Tépù ni wọ́n ń pe obìnrin ọ̀hún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ya àwòrán ọgbà, kó sì dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ títí ọgbà náà á fi kúrò nínú bébà bọ́ sórí ilẹ̀. Tépù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní tó bá dé ọ̀run, ó máa kọ́kọ́ wọn ẹnu ọ̀nà kó tó wọlé. Obìnrin náà kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Á mu tíì lórí ìdúró, á jẹun lórí ìrìn, bó bá sì yà sílé ẹlòmíì, kó tó kí onílé tán, ojú rẹ̀ ti ń wọn fèrèsé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwòsàn wá gbé iṣẹ́ fún pé kó ṣe ọgbà ìfọ̀kànbalẹ̀, níbi tí aláìsàn, mọ̀lẹ́bí àti nọ́ọ̀sì tó ti rẹ̀ á ti máa jókòó jẹ́ẹ́, tí wọn ò ní sọ̀rọ̀, tí wọn á kàn máa mí.

Ilẹ̀ tí wọ́n fún un kò ju yàrá mẹ́fà lọ. Lọ́wọ́ ọ̀tún, ibùdókọ̀ ni, tí wọ́n ti ń figbe pe èrò láti àárọ̀. Lọ́wọ́ òsì, ẹ̀rọ amúnáwá ilé ìwòsàn ń bú ramúramù. Níwájú, títì ni. Alága ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn sì ti sọ ọ́ tán: òun máa wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n dá, òun máa jókòó níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ọkàn òun bá balẹ̀, ọgbà dúró. Bí kò bá balẹ̀, wọn á da kankéré sí i, wọn á sì máa gbé mọ́tò síbẹ̀.

Ìyá Tépù ní ìdí tirẹ̀ tí kò sọ fún ìgbìmọ̀ kankan. Ọgbọ̀n ọdún ni ọkọ rẹ̀ fi ṣe panẹbítà, tó ń fi òòlù lu ara mọ́tò tó bá ti tẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n òòlù kò fẹ̀yìn tì nínú etí rẹ̀. Etí náà ń dún wííí tọ̀sán-tòru, ó sì ti pé ọdún mẹ́rin tí ọkùnrin náà ti sun oorun gidi kẹ́yìn. Lọ́kàn ìyàwó rẹ̀, Panẹbítà ló ni ọgbà náà, àwọn aláìsàn kàn máa bá a jókòó níbẹ̀ ni.

Ó bá kó sí iṣẹ́. Ó ní kí wọ́n mọ odi tó nípọn, tó sì ga ju ènìyàn méjì lọ, ó gbin ọparun sí ẹ̀yìn rẹ̀. Èèkàn tí wọ́n fi sàmì sí ibi tí ìjókòó máa wà kò rímú mí: láàárọ̀, ó wà lápá ọ̀tún, tó bá di ọ̀sán, ó ti di apá òsì, títí bíríkìlà fi bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun so ó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kí àwọn méjèèjì lè máa rìn pọ̀. Lọ́jọ́ tí odi parí, ó ti ilẹ̀kùn, ó tẹ́tí. Kò gbọ́ ibùdókọ̀, kò gbọ́ ẹ̀rọ. Ó sáré lọ mú ọkọ rẹ̀ wá.

Panẹbítà jókòó sórí àpótí, ó di ojú. Kò pẹ́ tó fi là á. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, ó dìde, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó sì lọ dúró sáàárín ariwo ibùdókọ̀ bí ẹni tó rí ibòòji. Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ bá a.

"Kí ló dé? Kí lẹ gbọ́?"

"Etí mi ni mo gbọ́," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ibẹ̀ yẹn ti dákẹ́ jù, ìyàwó mi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó lè bo òòlù yìí mọ́lẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́tàlá ló kù kí alága dé. Ìyá Tépù padà sídìí bébà rẹ̀. Ó ya àwòrán, ó fà á ya, ó ya òmíì. Ó gbálẹ̀ tí kò dọ̀tí, ó tún padà gbá a. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó wọ ilé ìdáná láti wá ẹni tí yóò bá ṣàròyé, ó sì bá ọkọ rẹ̀ lórí àga, tó fi orí ti ògiri, tó ń sùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, ẹ̀rọ omi tó ti ń jò láti oṣù mẹ́jọ ń kán tó, tó, tó sínú abọ́.

Ẹ̀rọ omi yìí ni Ìyá Tépù ti ń bá a jà lé lórí. Lójoojúmọ́ ló ń sọ pé kó tún un ṣe, lójoojúmọ́ ni ọkùnrin tó ń sọ mọ́tò tó ti rún di tuntun ń dáhùn pé ó di ọ̀la. Obìnrin náà ti sọ ọ́ lórúkọ: Baba Ó-Di-Ọ̀la. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà báyìí, tépù lọ́rùn, kò lè gbé ẹsẹ̀.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ jí, obìnrin náà bi í léèrè bóyá ṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀.

"Ká ní mo sọ fún ẹ," ni Panẹbítà wí, "ò bá ti wá wọ̀n ọ́n."

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Tépù mú un lọ sí ọgbà, ó ní kó sùn gbalaja sórí ilẹ̀, kó má mira. Ó wọ̀n ọ́n látorí dé ẹsẹ̀, ó fi ẹfun sàmì síbi tí etí rẹ̀ bọ́ sí, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ìjókòó ṣe máa gùn tó nìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ wá gbẹ́ ọ̀nà omi sí ẹ̀gbẹ́ ìjókòó náà, tó gùn tó ọkùnrin náà gẹ́lẹ́, kí omi lè máa kán sórí òkúta níbi etí, kó sì ṣàn lọ síbi ẹsẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ náà nítorí ọkọ̀ tó já yanrìn. Aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù lódìkejì títì gbójú sókè lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó rí ọkùnrin tó nà gbalaja, ó rí ìyàwó tó ń wọ̀n ọ́n, ó rí ihò tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, kò sì rí ọkùnrin náà kó jáde. Aránṣọ kò parọ́. Ohun tó rí ló sọ, ó kàn rán an pọ̀ ni.

Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀ kejì, ọ̀rọ̀ ti dé etí alága. Ó wá tòun ti ẹ̀ṣọ́ méjì tó gbé ṣọ́bìrì lọ́wọ́, aránṣọ sì tẹ̀ lé wọn gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ìyá Tépù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ká tépù, ó ń tú u.

"Ìyá, ọkọ yín dà?" ni alága bi í.

"Ó wà nínú."

"Nínú ibo?"

Obìnrin náà fi ìka lé ètè, ó ṣí ilẹ̀kùn.

Panẹbítà ló nà gbalaja sórí ìjókòó, tó ń sùn. Omi ń kán. Ẹ̀ṣọ́ kan fi ṣọ́bìrì rẹ̀ lélẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ. Alága jókòó láti ka ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì gbàgbé láti wo aago. Ìyá Tépù kò lè bá wọn jókòó. Ìta ló wà, ó ń yí odi po. Ó ti yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélógún kí alága tó jáde, tó sì sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí àwọn onímọ́tò wá ibòmíì lọ.

Aránṣọ jáde tẹ̀ lé e. Ó ní kí Ìyá Tépù má bínú, pé ihò yẹn náà ló jọ sàréè jù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Títí dòní, wọ́n ṣì ń sọ ọ́ ní ibùdókọ̀ pé obìnrin kan sin ọkọ rẹ̀ láàyè.

Láago méjì ọ̀sán lójoojúmọ́, Panẹbítà wà lórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ omi, ó ń hanrun.