Àbúrò Mi Tó Ń Fi Etí Ta Géèmù

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe nígbà tí ojú àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ ni pé mo fi í rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú yàrá wa ní Ajégúnlẹ̀. Wọ́n mú iná wá, a sì jókòó ti ẹ̀rọ géèmù wa. Ẹ̀rọ náà ti gbó nígbà yẹn. Bàbá wa, tó ń kó ẹrù ní èbúté Àpápá, ló gbé e wálé nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: àpótí funfun kékeré kan tó ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń fa sìgá, páàdì méjì tí wáyà wọn kò gùn, àti kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, Bàbá ti dolóògbé. Èmi ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Creek Road. Àbúrò mi, obìnrin kan ṣoṣo tó tẹ̀lé mi, ti ṣe fìríìdọ̀ọ̀mù iṣẹ́ aṣọ rírán. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń ta géèmù tuntun, èyí tí èèyàn inú rẹ̀ ń làágùn bí èèyàn gidi. Àwa méjèèjì kò kúrò nídìí tiwa.

Géèmù tí a fẹ́ràn jù kò le. Ọkùnrin kékeré kan gbé àpò sẹ́yìn, ó ń sáré láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, ó ń fo kòtò, ó ń sá fún ẹyẹ, ó ń ṣa kọ́kọ́rọ́. Lọ́jọ́ náà, ẹyẹ kan yọ láti etí tẹlifíṣọ̀n, ó sì gbá ọkùnrin tí àbúrò mi ń darí ṣubú. Ibi kan náà ni ẹyẹ yẹn ti máa ń yọ. Àbúrò mi ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún méje. Ó tún ṣe é, ó tún kú níbẹ̀. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ó kú.

"Ṣé o ń sùn ni?" mo bi í.

"Mi ò rí i," ó ní.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó jìnnà sí tẹlifíṣọ̀n. Lọ́sẹ̀ kan ó wà lórí ẹní, lọ́sẹ̀ kejì ó ti wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ara ilẹ̀kùn, tí wáyà páàdì sì nà tàntàn. Inú Màámi dùn sí i. "Ọmọ yìí ti ń gbọ́ràn," wọ́n ní. "Mo ti ń pariwo rẹ̀ tipẹ́ pé kẹ́ ẹ yé jókòó sí ìdí tẹlifíṣọ̀n." Kò sí ẹni tó bi í léèrè ìdí tó fi ń sún sẹ́yìn. Ìgbà tó pẹ́ gan-an ló sọ fún mi pé tí òun bá súnmọ́ ọn, àárín nìkan lòun ń rí. Òun ní láti jìnnà kí gbogbo rẹ̀ tó gba inú ojú òun.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ló gbé wa dé ọsibítù. Ó gún àbúrò mi ní àtàǹpàkò, ó gba inú èékánná kọjá. Nọ́ọ̀sì tó di ọgbẹ́ náà fún un ló ṣàkíyèsí pé ó ń yí orí kiri bí ẹyẹ kó tó rí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ní ká lọ rí dókítà ojú.

Dókítà náà jẹ́ obìnrin tó ti dàgbà díẹ̀, tí ohùn wọn rọ̀. "Ìfúnpá inú ojú rẹ ga jù," wọ́n sọ fún àbúrò mi. "Ó ti ń ba iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ jẹ́, láti ẹ̀gbẹ́ ojú ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ti lọ kò ní í padà. Oògùn tí mo fẹ́ fún ọ kò lè dá a padà, ó kàn máa di ìyókù mú ni. Títí ayé lo máa fi kán an." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ìwọ náà, wá ṣàyẹ̀wò. Ó máa ń rìn nínú ẹbí."

Mo ní màá wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. N kò lọ.

Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́jọ, mò ń wá aṣọ ìbora nínú àpótí rẹ̀, mo bá rí oògùn náà lábẹ́ aṣọ. Ìgò márùn-ún, kò ṣí ìkankan.

"Ó ń ta mí lójú," ó sọ. "Kò sì sí nǹkan tó ṣe. Mo ń kán an, ojú mi ń burú sí i. Kí ni mo fẹ́ máa jìyà fún?"

"Wọ́n sọ fún ẹ pé kò lè là á! Wọ́n ní ó máa dì í mú ni!"

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí n mọ̀ pé ó dì í mú?"

Mo pariwo mọ́ ọn. N kò tíì kán oògùn yẹn sójú ara mi rí nígbà náà. N kò mọ bó ṣe ń ta.

Kí ọdún kejì tó parí, ojú rẹ̀ ti lọ. Ó sọ pé ó kù bí ihò kékeré kan, bí ẹni ń yọjú gba inú ihò ilẹ̀kùn, títí ihò náà fi di eérú. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ wá kí i lẹ́ẹ̀mẹta, kò wá mọ́. Màámi gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ fún ọmọ màmá kan tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àbúrò mi gbọ́ nígbà tí wọ́n ń gbé e jáde. Kò dìde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi nìkan ń ta géèmù. Kì í ṣe pé inú mi dùn, ọwọ́ mi kàn ń wá nǹkan ṣe. Àbúrò mi jókòó lẹ́yìn mi, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú abọ́.

"Ẹ fò," ó ní.

Mo ti já sí kòtò kí n tó mọ̀ pé èmi ló ń bá wí.

"Mo ní kẹ́ ẹ fò, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ ti pẹ́ jù."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé kòtò ló kàn?"

"Orin yẹn ti yí lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá ti yí lẹ́ẹ̀kejì, ẹsẹ̀ mẹ́rin, kòtò." Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lọ́wọ́. "Ẹ gbé páàdì fún mi."

Kò lọ jìnnà lọ́jọ́ yẹn. Ó kú, ó kú, ó tún kú, ṣùgbọ́n ó ń kú síwájú sí i. Ó tó oṣù mẹ́ta kó tó parí ìpele àkọ́kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìsí ẹni tó ń sọ fún un.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi, ohun tí mo ti ń fẹ́ràn nínú àwọn géèmù àtijọ́ láti kékeré. Àwọn tó ṣe wọ́n kò ní àyè púpọ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì, torí náà wọn kò fi ohùn ṣòfò. Tí ọkùnrin yẹn bá fò, ohùn á gòkè. Tó bá balẹ̀, á dún pọ́, bí ìka lórí tábìlì. Kọ́kọ́rọ́ ń dún bí abọ́ táńgánran. Ẹyẹ á ké lẹ́ẹ̀kan kó tó yọ. Tí àkókò bá ń lọ tán, orin á yára. Kòtò tó wà níbẹ̀ lọ́dún tí Bàbá gbé e wálé kò sì tíì sún kúrò ní àyè rẹ̀. Ẹni tí kò ríran, tí àwọn aráalé ń gbé àga àti korobá kiri sí ojú ọ̀nà rẹ̀ láìsọ fún un, mọ iyì kòtò tí kì í sún. Mo yá géèmù tuntun kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní Olódì-Àpápá kó dán an wò. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ nínú rẹ̀, ìbọn ń dún, èèyàn mẹ́rin ń sọ̀rọ̀ pọ̀. "Ó dà bí ẹni pé wọ́n já mi sí àárín ọjà Boundary," ó ní, ó sì gbé páàdì kalẹ̀.

Wẹ́dà kan, ọkùnrin tó ń jó irin mọ́ irin, tó ń gbé yàrá kejì sí wa, wá dúró sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ó ń wò ó. "Abeg, this one dey see," ó sọ. Ó ju ọwọ́ síwájú ojú àbúrò mi lẹ́ẹ̀mejì. Kò ṣẹ́jú. Wẹ́dà mi orí, ó lọ.

Ṣùgbọ́n Màámi ti gbọ́ gbólóhùn yẹn, ó sì wọ̀ wọ́n lára. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó ní ẹ̀rí jáde, Màámi di àbúrò mi lọ́wọ́ mú, wọ́n mú un lọ síwájú. Wọn kò sọ fún mi, wọn kò sì sọ fún òun náà. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti ń ríran. Wọ́n ní ó ń ta géèmù lójú tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ojúlé wa ló rí i. Àwọn èèyàn ti ń hó. Pásítọ̀ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n na ìka mẹ́ta síwájú rẹ̀.

"Ọmọ mi, mélòó nìyí?"

 Fáànù nìkan ló ń dún.

"Ẹ má bínú, sà," àbúrò mi sọ. "Mi ò ríran. Etí ni mo fi ń ta á."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Màámi dúró síbẹ̀, máíkì ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń wo ìka Pásítọ̀ bíi pé àwọn gan-an ni wọ́n bi ní ìbéèrè.

 Nígbà tí a délé, èmi ni Màámi kọjú sí. "Ìwọ lo kọ́ ọ. Ó ń fo kòtò nínú tẹlifíṣọ̀n, kò lè fo gọ́tà iwájú ilé. Kí ni ìwúlò rẹ̀?" Wọ́n fa wáyà ẹ̀rọ náà yọ, wọ́n gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ó wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àbúrò mi kò bẹ̀bẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Màámi wọlé láti ìsọ̀, wọ́n bá a níbi tó jókòó sí, tó ń fi ẹnu kọ orin géèmù náà wúyẹ́wúyẹ́, tí àtàǹpàkò rẹ̀ sì ń tẹ afẹ́fẹ́. Màámi dúró gbọ́ ọ tán. Wọ́n wá gbé àga, wọ́n gun orí rẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sọ̀ kalẹ̀. 

Lọ́dún tó kọjá, tẹlifíṣọ̀n wa àtijọ́ jó. Mo ra pẹlẹbẹ kan. Láti ọjọ́ tí mo gbé e dé ni àbúrò mi ti ń já sí kòtò àkọ́kọ́, èyí tí ọmọdé máa ń fò. Ó gbìyànjú fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé páàdì lé itan.

"Etí mi náà ti ń lọ," ó ní.

Mo lọ bá bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ní Olódì-Àpápá. "Kò sí nǹkan tó ṣe etí àbúrò rẹ," wọ́n sọ fún mi. "Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ máa ń ronú díẹ̀ kó tó gbé ohùn àti àwòrán jáde. Kò pẹ́ ju ìṣẹ́jú akàn lọ, ṣùgbọ́n fún irú géèmù yẹn, ó pẹ́." Nígbà tí mo padà délé, mo bá àbúrò mi níwájú ilé, ó ń dárúkọ ohun tó ń gbọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láti fi dán ara rẹ̀ wò: jẹnẹrétọ̀ wẹ́dà, adìyẹ, ọmọ tó ń sunkún lókè.

Dírẹ́bà kan tó máa ń wá sí ilé ìkẹ́rùsí wa sọ fún mi pé ọ̀gá òun ní GRA Àpápá fẹ́ da tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan nù, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ. Orí itan mi ni mo gbé e lé nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá títí dé Ajégúnlẹ̀. Àbúrò mi parí ìpele àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Èyí náà máa jó lọ́jọ́ kan, àbí?" ó bi mí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ mẹ́rin àti tẹlifíṣọ̀n méjì fi wà nílé wa báyìí, tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ń rò pé orí mi dà rú.

Lóṣù díẹ̀ sẹ́yìn, mò ń rìn lọ síbi iṣẹ́ ní Creek Road, dígí tírélà kan gbá mi léjìká. Ó wá láti apá ọ̀tún. N kò rí i rárá. Mo dúró síbẹ̀, mo di èjìká mú, mo sì mọ̀.

Dókítà tó yẹ̀ mí wò lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. "Ojú ọ̀tún yín ti bàjẹ́ púpọ̀," ó ní. "Ti òsì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹnì kan nínú ẹbí yín ní i?"

"Àbúrò mi."

"Wọn ò sọ fún yín kẹ́ ẹ wá ṣàyẹ̀wò?"

"Wọ́n sọ fún mi."

N kò tíì lè sọ fún Màámi. Àbúrò mi ni mo sọ fún. 

"Ṣé ẹ ń kán oògùn náà?"

"Mò ń kán an."

"Ó ń ta yín?"

"Ó ń ta mí gan-an."

"Ẹ má dá a dúró o," ó ní. Lẹ́yìn náà ó wá páàdì kiri lórí ẹní, ó tì í sí mi lọ́wọ́. "Ẹ di ojú yín. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ kó tó di dandan."

Mo dijú. Orin bẹ̀rẹ̀. Mo kú ní kòtò àkọ́kọ́, mo kú níwájú ẹyẹ. Ó ń kà á fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ó yá. Mo kú síbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí nínú òkùnkùn yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Nígbà tó yá, mo la ojú òsì díẹ̀, mo fo kòtò kan, mo fo èkejì.

"Ẹ ti lajú," ó ní.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ẹ ò kú mọ́."