Nọ́ńbà Tó Wà Nídìí Abọ́ Bàbá Sójà

Ní Orè tí mo ń gbé, ọ̀rọ̀ ogun kì í tán lẹ́nu èèyàn. Ìlú wa ni wọ́n fi ń pa òwe: bí nǹkan bá le ju bó ṣe yẹ lọ, wọn á ní ó le kú, ìjà Orè. Nítorí náà, kò sí ẹbí tí kò ní sójà tirẹ̀ tó fi ń yangàn. Ẹbí tí kò bá ní, á yá ti àna rẹ̀ lò. Sójà tiwa ga ju ti ìjà Orè lọ ní tiẹ̀. Bàbá tó bí bàbá mi, tí gbogbo Òdìgbó ń pè ní Bàbá Sójà, Bọ́mà ni wọ́n ní ó ti jà nígbà ogun àgbáyé kejì, níbi tó ti wọ̀yá ìjà pẹ̀lú àwọn ará Japáànù nínú igbó.

Mo mọ Bàbá Sójà díẹ̀ kó tó kú. Kò lọ́rọ̀ lẹ́nu. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè ogun, á ní, "Ẹ jẹ́ ká jẹun ná." Ohun tí mo rántí jù nípa rẹ̀ ni pé lọ́jọ́ ọdún, á lé àwọn ìyàwó rẹ̀ kúrò nílé ìdáná, á gbé ìkòkò tí ọmọdé lè wẹ̀ nínú rẹ̀ kaná, á sì se ìrẹsì tí gbogbo àdúgbò á jẹ kù. Kò mọ oúnjẹ kékeré sè. Àwọn àgbà ní ebi ojú ogun ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tí Bàbá ṣe tí ojú ogun ò kọ́ ọ. Bó bá húkọ́, èéfín ìbọn ni. Bó bá sùn lọ́sàn-án, ó ń rántí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó kú ni. Nígbà tí òun náà wá kú, tí kò sí ẹni tó lè já irọ́ wọn mọ́, ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í sanra.

Ohun kan ṣoṣo tó kó bọ̀ láti ogun ni abọ́ páànù kan, irú èyí tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ fún sójà. Wọ́n tẹ lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà márùn-ún sídìí rẹ̀. Nọ́ńbà iṣẹ́ ológun rẹ̀ ni. Gbogbo sójà ló ní tirẹ̀, wọn á sì tẹ̀ ẹ́ sára ẹrù rẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà gbé e lọ. Ṣùgbọ́n aládùúrà ni ẹbí wa, ní ilé àdúrà wa ní Òdìgbó, kò sí nọ́ńbà tó kàn wà lásán. Wòlíì tó wà níbẹ̀ nígbà náà wo ìdí abọ́, ó mi orí, ó ní Sáàmù ni. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, Sáàmù kọ̀ọ̀kan, àwọn ni kò jẹ́ kí ọta ìbọn ba Bàbá. Láti ìgbà náà, bí a bá ń ṣe ìrántí rẹ̀ lọ́dọọdún, a ó gbé abọ́ náà sórí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí, a ó ka àwọn Sáàmù náà tẹ̀ léra wọn. Ó wá ku ibì kan. Òdo wà láàárín nọ́ńbà náà, kò sì sí Sáàmù òdo. Wòlíì ronú sí i, ó ní bí a bá ti dé ibi òdo, kí gbogbo wa dákẹ́. Bí a bá dé ibẹ̀, gbogbo ẹbí á dìde, a ó panu mọ́, a ó máa wo ara wa títí wọ́n á fi lu agogo. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, láti kékeré ni mo sì ti ń dìde fún òdo.

Ẹnì kan wà tí ìjókòó rẹ̀ kì í kúrò lẹ́bàá ilẹ̀kùn lọ́jọ́ ìrántí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó sì ń yan gààrí ní Omífunfun, ìyẹn la fi ń pè é ní Ìyá Omífunfun. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n bí i nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́. Bàbá wà ní Bọ́mà, ìyàwó rẹ̀ lóyún ní Òdìgbó. Obìnrin náà ní ọkọ òun wálé fún ìgbà díẹ̀ lọ́dún náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé ẹsẹ̀ ló fi rìn wá láti Bọ́mà ni? Bàbá Sójà fúnra rẹ̀ pè é lọ́mọ, ó tọ́ ọ, ó sì fà á fún ọkọ. Ẹbí ní àánú ló ṣe é, pé akọni a máa láàánú. Bó ṣe di pé oore tí wọ́n fi ń yin bàbá ni wọ́n fi ń bú ọmọ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n pín oko kòkó, wọn ò ka tirẹ̀ mọ́ ọn. Orí ilẹ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ló ti ń gbin ẹ̀gẹ́ tó fi ń yan gààrí.

Ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pinnu pé àwọn máa fi òkúta mábù sí ojú oórì Bàbá Sójà. Olórí ẹbí ránṣẹ́ pè mí. Àkọ́bí Bàbá ni, wọ́n ti bí i kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣe tíṣà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Títí di òní, bó bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, bíi pé ó mú ẹfun lọ́wọ́ ni. Èmi ló yàn nítorí pé mo ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà nítòsí gáréèjì Orè, níbi tí mo ti ń tẹ ìwé fún àwọn èèyàn.

Ó ní, "Íńtánẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ rẹ. Bá wa wá ipò Bàbá jáde, ká lè kọ ọ́ sára òkúta. Ó kéré tán, sájẹ́ńtì ni."

Ó ti fi Bàbá jẹ sájẹ́ńtì ná, ó ku kí àwọn ológun gbà.

Kò pẹ́ sí i ni Ìyá Omífunfun wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó gbé gààrí lọ́wọ́. Mo fún un ní àga. Ó jókòó, ó sì wo àwọn kọ̀ǹpútà náà yí ká kó tó sọ̀rọ̀. Ìran tirẹ̀ ṣì ń pe bàbá ní Aba, ìyá ní Iye.

"Ọma mi, wọ́n ní orúkọ gbogbo ọmọ Aba mi ni wọ́n máa kọ sára òkúta yẹn. Mo bi wọ́n bóyá tèmi á wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ fi sínú àdúrà."

Mo ní, "Kí lẹ̀yin fẹ́, mà?"

"Mo fẹ́ kí orúkọ mi wà níbẹ̀ kí n tó kú."

Inú bí mi. Arúgbó tó ti tọ́mọ tó sì ti rí ọmọ-ọmọ ń tọrọ orúkọ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìyá mìíràn tí ó ti pọ̀n lẹ́yìn rí. Mo sọ fún un pé kó máa lọ, pé màá wò ó.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí ilé àdúrà wa ní Òdìgbó. Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà kí n tó fọwọ́ kan abọ́. Mo ya ìdí rẹ̀ ní fọ́tò, níbi tí wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kun nọ́ńbà náà kí ẹni tó bá jókòó lẹ́yìn lè rí i. Àwọn kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa fi nọ́ńbà wá sójà àtijọ́. Wọ́n ní ká má wulẹ̀ fi orúkọ da ara wa láàmú: orúkọ kan náà lè wà lára ọ̀pọ̀ èèyàn, akọ̀wé òyìnbó á sì ti kọ ọ́ bó ṣe wọ̀ ọ́ létí. Nọ́ńbà ni tèèyàn, sójà méjì kì í jẹ ẹ́ pọ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n sì dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n akọ̀wé ti ba orúkọ tó wà níbẹ̀ jẹ́ débi pé kò ṣeé dá mọ̀.

Mo tẹ èsì náà sórí ìwé, mo gbé e tọ olórí ẹbí lọ níbi tí òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ti ń ṣèpàdé. Ó rí Bọ́mà lókè ìwé, ó sì fò sókè lórí àga.

"Ṣé mi ò sọ fún yín?"

Mo ní, "Ẹ kà á tán, sà."

Ó kà á tán. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ni pé ọta ìbọn pa ẹni tó ni nọ́ńbà náà ní Bọ́mà kí ogun tó parí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí. Gbogbo àwọn àbúrò tó jókòó níbẹ̀, tó fi mọ́ bàbá mi, ẹ̀yìn ogun ni wọ́n bí wọn. Àwọn tó ń ka oṣù sí Ìyá Omífunfun lọ́rùn láti kékeré wọn wá di ọmọ tí òkú bí lójú ẹsẹ̀. Ẹnì kan nínú wọn, tó ti ń jẹ oko kòkó Bàbá láti ìgbà tó ti ní irùngbọ̀n, béèrè pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ bóyá kò lè jẹ́ pé Ọlọ́run jí Bàbá dìde. Olórí ẹbí ní nọ́ńbà òyìnbó kì í ṣe Bíbélì. Mo gbádùn ọjọ́ náà, mi ò ní parọ́.

Ṣùgbọ́n Bàbá tí mo fojú mi rí tó ń ro ìrẹsì kò kú sí Bọ́mà. Mo padà sí ilé àdúrà, mo tún bọ́ bàtà, mo gbé abọ́ jáde sí ìta, mo fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù mi ha ọ̀dà pupa yẹn kúrò. Ẹni tó kùn ún ti sọ ẹẹ́ta di ẹẹ́jọ. Ìyẹn ni pé láti ọdún wọ̀nyí wá, Sáàmù kẹjọ tí a ń ké tantan, Sáàmù ẹlòmíràn ni, ti ọkùnrin tí ọta ìbọn pa. Mo sọ fún wòlíì tó wà níbẹ̀ báyìí. Ó ní Ọlọ́run mọ ọkàn wa.

Mo fi nọ́ńbà gidi ránṣẹ́. Èsì pẹ́, ṣùgbọ́n ó dé. Orúkọ Bàbá ló wà níbẹ̀, tí wọ́n kọ wọ́gọwọ̀gọ, pẹ̀lú orúkọ Òdìgbó. Agbọ́únjẹ ni. Bárékè kan ní Kàdúná ló ti ń se oúnjẹ fún sójà, láti ìgbà tó wọlé títí ó fi jáde. Kò rékọjá òkun rí. Wọ́n sì kọ ọ́ pé wọ́n fún un ní lífù, ìyẹn ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, lẹ́ẹ̀kan, ó wálé, ó sì padà. Mo ka oṣù mẹ́sàn-án síwájú láti ìgbà náà, ó bọ́ sí ìgbà tí wọ́n bí Ìyá Omífunfun gẹ́lẹ́, ìgbà tí ẹbí mọ̀ sórí ju ọjọ́ ìbí ọmọ tiwọn lọ.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Lẹ́yìn náà ni inú wá ń bí mi sí Bàbá fúnra rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni ì bá ná an: Kàdúná ni mo wà. Ó mọ ohun tí wọ́n ń fojú ìyàwó rẹ̀ rí. Ó gbà kí wọ́n máa pè é ní akọni, ó ní ká jẹun ná.

Lọ́jọ́ ìrántí, lẹ́yìn àdúrà, mo ka èsì náà sétí gbogbo ẹbí. Ìyá Omífunfun wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo parí, olórí ẹbí bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ta ló rán ọ ní Kàdúná? Bọ́mà ni mo rán ọ."

Mo ní, "Ibi tí Bàbá wà ni mo bá wọn, sà."

Wòlíì dìde, ó fẹ́ pẹ̀tù sí i. Ó ní ara lè wà ní Kàdúná kí ẹ̀mí máa jagun ní Bọ́mà. Àwọn kan ṣe àmín. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò bàbá mi ní wọ́n ti fín "Akọni Bọ́mà" sára òkúta náà, wọ́n sì ti ya ìbọn sí i, ṣé kí wọ́n wá ya ìgbakọ ni? Gbogbo wọn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, olórí ẹbí na ọwọ́ sókè, ó gbé ìdájọ́ kalẹ̀ bí ẹni tó fún wa ní ìsinmi. Ó ní Bọ́mà máa dúró, nítorí a ti sọ ọ́ fún ayé. Orúkọ Ìyá Omífunfun náà máa wọlé, nítorí ìwé ti jẹ́rìí sí i. Ilé pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, nítorí ohun tí ìyá náà tọrọ ló rí gbà yẹn.

Ìyá Omífunfun gbára lé àga, ó dìde.

"Bọ́mà máa wà lókè, orúkọ mi máa wà nísàlẹ̀?"

Olórí ẹbí ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó bá mọ̀wé kà máa rí i pé ọkọ wà ní Bọ́mà, ìyàwó bímọ sílé. Ẹnu lẹ ti fi ń bú Iye mi. Ṣé ẹ wá fẹ́ fín in sára òkúta ni? Ẹ yọ Bọ́mà kúrò, tàbí kí ẹ fi orúkọ mi sílẹ̀."

Olórí ẹbí bẹ̀ ẹ́. Àwọn àbúrò rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kó má bínú, wọ́n ní òkúta kì í ṣe páálí tí a lè pa rẹ́. Kò sí ẹni tó ní òun máa yọ Bọ́mà. Ìyá Omífunfun gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Òkúta náà ti wà lójú oórì báyìí, ó ń dán. Ìbọn wà lórí rẹ̀, sájẹ́ńtì wà lórí rẹ̀, orúkọ ọmọ gbogbo ló wà nísàlẹ̀ àfi ẹnì kan.

Lọ́jọ́ ìrántí náà, mo sáré bá Ìyá Omífunfun lójú ọ̀nà. A jọ rìn lọ síbi tí àwọn ọlọ́kadà máa ń dúró sí. Ó ní kí n mú fóònù mi jáde, kí n ka ibi tí wọ́n ti fún Aba òun ní lífù fún òun, ibẹ̀ nìkan. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

Ó ní, "Iye mi sọ ọ́ fún mi títí ó fi kú. Èmi náà ò gbà á gbọ́."