Ìhà Ibùsùn Tí Bàbá Mi Gé Kúrò

Òórùn ọ̀gánwó tí ayùn ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kì í tètè kúrò nímú mi. Ó máa ń dà bíi ti èèpo igi tí òjò rin, pẹ̀lú ìkorò díẹ̀ tó máa ń dúró sí ọ̀fun. Ẹ̀yìn ilé wa ní Ọ̀mù-Àrán ni mo ti mọ̀ ọ́n, lábẹ́ àtíbàbà páànù tí bàbá mi sọ di ibi iṣẹ́ igi. Olùkọ́ ni wọ́n, wọn kì í ṣe káfíńtà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ti ilé ìwé dé, wọn a bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, wọn a mú ìfági. Àpótí tí ìyá mi fi ń jókòó nídìí ààrò, ilẹ̀kùn ilé adìyẹ, tábìlì tí mo fi kàwé, ọwọ́ wọn ló ti wá. Ibùsùn wọn ńkọ́? Kí wọ́n tó gbé ìyá mi níyàwó ni wọ́n ti kàn án, ó sì fẹ̀ débi pé inú yàrá ni wọ́n ti tò ó pọ̀, torí kò lè gba ẹnu ọ̀nà.

Lẹ́yìn tí ìyá mi kú, ibùsùn yẹn di wàhálà. Ìlọrin ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìròyìn, èmi nìkan ni mo sì ń gbé. Àlájà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló pè mí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bí mo bá jí ṣe àlùwàlá àsùbáà, iná pálọ̀ yín ṣì máa ń tàn. Orí àga ni bàbá ń sùn. Wá wo ẹsẹ̀ wọn."

Mo dé, mo rí i. Ẹsẹ̀ wọn ti wú débi pé bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Àǹtí mi, àbúrò bàbá mi, ti ti ìlú Òrò dé ṣáájú mi. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká gbé bẹ́ẹ̀dì yìí fún ṣọ́ọ̀ṣì, ká ra tuntun. Bí ẹ bá kọ̀, Ìlọrin lẹ ń bá ọmọ yín lọ."

"Ẹnu ọ̀nà wo ni ṣọ́ọ̀ṣì máa gbé e gbà?" Bàbá mi yíjú sí mi. "Akọ̀ròyìn, bá mi di igi mú lọ́la. Bí mo bá tún un ṣe tán tí mi ò sì rí oorun sùn, màá di ẹrù mi, màá tẹ̀ lé ọ."

Mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ná wọn. Ní Ìlọrin, yàrá kan ni wọn ì bá ní, àti fèrèsé tó kọjú sí ògiri ẹlòmíràn. Síbẹ̀, mi ò lè sọ pé mi ò fẹ́ kí wọ́n wá. Ilé mi dákẹ́ jù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a gbé fóòmù kúrò lórí igi ibùsùn. Wọ́n fẹ́ dín ibùsùn náà kù di ti ẹnì kan. Lára pátákó tó wà níbi orí, ibì kan dúdú, ó ń dán: ibi tí òróró irun ìyá mi ti wọ inú igi láti ọdún wọ̀nyí wá. Ibẹ̀ ni mo rò pé ayùn máa gbà, mo sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo padà wò, ìlà lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fà fún ayùn wà ní ìhà kejì.

"Bàbá, ẹ̀gbẹ́ tiyín lẹ fàlà sí."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò ní gé ti ìyá mi?"

Wọ́n gbé ayùn lé ìlà náà. "Tèmi, mo lè kan òmíràn. Tirẹ̀, ta ló máa bá mi ṣe é?" Wọ́n fa ayùn díẹ̀, wọ́n dúró. "Ibi tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni kì í jẹ́ kí n sùn. Bí mo bá sún síbẹ̀, kò ní ṣófo mọ́."

Mo di igi mú. Lẹ́búlẹ́bú pupa ń dà sí ẹsẹ̀ mi. Àǹtí mi yọjú láti ẹnu ọ̀nà. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ rọra o, kí ẹ má fi ìka yín kún un."

"Ìyẹn náà, màá kan òmíràn."

Nígbà tí ọjọ́ rọ̀, ibùsùn náà ti dà bíi ti ọmọ ilé ìwé tó ń gbé nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì. Bàbá mi dùbúlẹ̀, orí wọn bọ́ sí ibi dúdú náà, ojú wọn kọ sí fèrèsé tí ìyá mi máa ń kọjú sí. Mo fa ilẹ̀kùn yàrá dé. Láàárọ̀, Àlájà ké sí mi láti ọ̀nà ọgbà: "Mi ò rí iná pálọ̀ yín lónìí. Ṣé kò sí nǹkan?" Mo lọ fetí sí ilẹ̀kùn yàrá. Bàbá mi ń hanrun.

Èmi nìkan ni mo padà sí Ìlọrin, pẹ̀lú àpótí ìjókòó kékeré tí bàbá mi fi igi tí a gé kúrò kàn fún mi. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé bí ẹnì kan bá kú, àyè rẹ̀ ni èèyàn máa ń kó kúrò kí ọkàn lè balẹ̀. Bàbá mi kó àyè tiwọn kúrò, wọ́n lọ ń gbé nínú ti ẹni tó lọ. Ibùsùn tèmi náà fẹ̀. Ìhà kan ni mo ń sùn, kò sì sí àmì òróró ẹnikẹ́ni ní ìhà kejì.

Orí àpótí yẹn ni mo máa ń jókòó sí láàárọ̀ tí mo bá fẹ́ pè wọ́n. Mo máa ń bi wọ́n bóyá wọ́n sùn. Wọn a ní, "Mo sùn." Wọn a wá bi mí, "Ìwọ ńkọ́?" Èmi tí mo ń fi ìbéèrè jẹun, ìyẹn ni mi ò tíì rí ìdáhùn sí.