Ọ̀nà Bornholm dá mi láre

Díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ ojú omi ba ìgbéyàwó mi jẹ́ lónìí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Alhaji tó ń ta aṣọ ní ọjà Kejetia níbí, ló ń ṣèwádìí àfẹ́sọ́nà mi. Àfẹ́sọ́nà mi sọ fún wọn lórí fóònù pé erékùṣù Bornholm ní Denmark lòun ń gbé, àti pé tóun bá ń lọ Copenhagen, olú ìlú Denmark kan náà, òun á wọ ọkọ̀ ojú omi dé Sweden ná.

"Wallahi, irọ́ ni," Alhaji ní. "Ta ló ń ti Tafo, ìtòsí ibí, bọ̀ ní Kejetia tó ń gba Togo?"

Mo ṣí máàpù síwájú wọn. Bornholm nìyẹn, òun nìkan láàárín òkun, nísàlẹ̀ Sweden.

Wọ́n nu gíláàsì ojú wọn, wọ́n tún wò ó.

"Ampa, òótọ́ ni. Ní kó kó obì goro ìdána wá."

Ìyàwó Bornholm rèé o. Ta ló tún ní ìbéèrè?