Ìyá Bàbá Mi Nídìí Ààrò

Kí ìyá bàbá mi tó sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná, á ṣe bisimilá, á sì bèèrè pé, "Ta ló wà lẹ́yìn mi?" Bàbá mi ló sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Àkọ́bí ìyá àgbà di ìró rẹ̀ mú lẹ́yìn lọ́jọ́ kan, ẹ̀kọ gbígbóná dà lé e lórí, ó sì kú.

Nígbà tí ìjọba òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlọrin, omi gbígbóná bó ọmọ ìyàwó àbúrò bàbá mi lẹ́sẹ̀. Gbogbo agbo ilé ń bá ìyá ọmọ náà wí. Ìyá àgbà ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ó ti bá ara rẹ̀ wí jù yín lọ."

Òun ló ń fi oyin ra ojú egbò náà. Ẹ̀rù ń ba ìyá ọmọ láti fọwọ́ kàn án. Ìyá àgbà gbé ọmọ náà lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó ní, "Pọ̀n ọ́n. Tìrẹ ṣì ń sunkún pè ọ́."